Morse, àsíá, fèrè àbí ohùn: èwo ló yẹ kí ẹ kọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fi àmì ránṣẹ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí kóòdù Morse, torí òun ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Kò burú, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi oṣù mélòó kan kọ́ ohun tí wọn ò ní í lò, nígbà tí èyí tó lè gba ẹ̀mí wọn là kò gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó máa gba àmì náà: ṣé òun náà ti kọ́ ọ? Bí ẹni tó wà lódìkejì ò bá mọ kóòdù yín, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n tó tí yóò yé e. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa wá wo ohun tó wà láàárín yín: òkùnkùn, ògiri, omi tó tẹ́ lọ rẹrẹ, tàbí ariwo rédíò.

| Ọ̀nà | Ohun èlò | Ibi tó ti dára jù | Ohun tó ń bà á jẹ́ | Ìgbà tí ìkọ́ rẹ̀ ń gbà |
|---|---|---|---|---|
| Morse | ohunkóhun tó lè tàn tàbí dún | òru. Rédíò tí kò já gaara | àlàfo tí kò gún | oṣù díẹ̀ |
| Semaphore | àsíá 2 àti apá méjì | ọ̀sán, níbi tí ẹ ti ń rí ara yín | igun apá tí kò tọ́ | ọ̀sẹ̀ díẹ̀ |
| Àsíá ọkọ̀ ojú omi | àsíá 40, okùn, òpó, ìwé | ojú omi, láàárín àwọn tí èdè wọn yàtọ̀ | afẹ́fẹ́ tí kò fẹ́ | a máa ń wò ó nínú ìwé ni |
| Alfa, Bravo, Charlie | ẹnu | fóònù àti rédíò | kí kálukú máa dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ | ọjọ́ díẹ̀ |
| Kíkan ògiri | ìka ọwọ́ | ibi tí a kò ti lè ríra tàbí sọ̀rọ̀ | ìdákẹ́ tí kò tó | wákàtí kan |
| Àmì ìpọ́njú | fèrè, tọ́ọ̀ṣì, jígí, òkúta | igbó, orí òkè, aṣálẹ̀ | àìsinmi láàárín | ìrọ̀lẹ́ kan |

Morse

Morse kò bìkítà nípa ohun èlò. Ohunkóhun tó bá lè tàn kó sì kú, tàbí tó lè dún kó sì dákẹ́, ó ti tó. Lọ́dún 1966, Jeremiah Denton, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó wà ní àhámọ́ ní Vietnam, ń ṣẹ́ ìpéǹpéjú níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà TORTURE ló ń fi Morse kọ, ìyẹn ni pé wọ́n ń dá àwọn lóró. Díẹ̀ nínú èyí tó kù nínú àtẹ yìí ló lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Àmì méjì péré ló ní, kúkúrú àti gígùn, tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní dí àti dáà. Ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kì í kà sí ni ìdákẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdákẹ́ náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Bí dí bá jẹ́ ìwọ̀n 1, dáà gbọ́dọ̀ jẹ́ 3. Ìdákẹ́ tó wà láàárín àwọn àmì inú lẹ́tà kan jẹ́ 1, ti àárín lẹ́tà sí lẹ́tà jẹ́ 3, ti àárín ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ jẹ́ 7. Ẹ wo WA. W ni dí-dáà-dáà, A ni dí-dáà. Bí ọwọ́ yín bá falẹ̀ kí ẹ tó tẹ dáà kejì inú W, ẹni tó ń gbọ́ yóò kọ A, yóò kọ T, yóò tún kọ A. Ẹ ní kó wá, ó ka ata. Ẹ ò ṣi lẹ́tà kankan tẹ̀. Àlàfo kan ṣoṣo ló fẹ̀ jù.

Iye ọ̀rọ̀ tó ń wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan ni a fi ń wọn ìyára, ọ̀rọ̀ PARIS, tó gba ìwọ̀n 50 tòun ti ìdákẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ni a sì fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹ fi ìyára tí ẹ fẹ́ pín 1,200, ohun tó bá jáde ni gígùn dí kan ní mìlísẹ́kọ́ńdì. Ní ọ̀rọ̀ 5, dí jẹ́ 240; ní 12, ó jẹ́ 100; ní 20, ó jẹ́ 60. Èyí wúlò fún ẹni tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá òun fi Morse dánrawò.

Nípa kíkọ́ ọ, ẹ jìnnà sí àwọn àwòrán tí wọ́n ti to ẹlẹ́kínní dé ìkẹyìn lẹ́tà sórí pátákó pẹ̀lú àmì tóótòòtó àti ìlà. Ẹni tó fi ojú kọ́ ọ yóò máa ka àmì lọ́kàn kó tó mọ lẹ́tà, nígbà tó bá sì tó bí ọ̀rọ̀ 10 láàárín ìṣẹ́jú kan, kíkà yẹn ò ní lè bá a mọ́, yóò wá dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Etí ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Ọ̀nà tí Ludwig Koch, ará Jámánì, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 ṣì ni mo máa dúró tì: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà méjì péré, àmọ́ kí wọ́n máa dún ní ìyára gidi, bí 20. Nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ 90 yé nínú 100, ẹ fi ẹyọ kan kún un. Ẹni tí èyí bá le fún lè jẹ́ kí lẹ́tà fúnra rẹ̀ yára, kó wá fẹ àlàfo àárín lẹ́tà sí lẹ́tà lójú, kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá ṣi lẹ́tà tẹ̀, ẹ tẹ dí mẹ́jọ léraléra, kí ẹ tún ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Tí ẹni kejì bá yára jù, ẹ rán QRS sí i, yóò rọra. K ní ìparí túmọ̀ sí pé ó kàn án láti fèsì.

Tọ́ọ̀ṣì ní wàhálà tirẹ̀. Bọ́tìnì ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì ayé òde òní ń yí láti iná kíkún sí iná rírọ̀ sí iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ ò sì ní mọ èyí tó máa jáde. Ẹ jẹ́ kó máa tàn lọ, kí ẹ máa fi ọwọ́ tàbí fìlà bò ó, kí ẹ sì máa ṣí i. Ọ̀rọ̀ 4 tàbí 5 láàárín ìṣẹ́jú kan ti tó, torí ojú kì í ka Morse yára bí etí.

Lórí rédíò ni Morse ti ń fi gbogbo èyí tó kù sílẹ̀. Ohùn èèyàn gba àyè bíi 2,400 sí 3,000 Hz nínú ìgbì rédíò. Morse kò gbà ju bíi 150 lọ. Gbogbo agbára ẹ̀rọ yín wá ń ṣù jọ sójú kan, etí sì lè ṣa dí àti dáà jáde nínú ariwo tí ohùn ti rì sí. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ ọ nítorí ìpọ́njú. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1999, tí ètò ààbò tuntun fi gbogbo ara bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú omi, kò di dandan mọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ dúró máa tẹ́tí sí Morse. Àwọn tó fẹ́ràn rédíò ló kù lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì pọ̀ kárí ayé. Tó bá jẹ́ àwọn lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, èyí lẹ ó kọ́.

SOS nìkan ni kí gbogbo èèyàn mọ̀: dí-dí-dí-dáà-dáà-dáà-dí-dí-dí, kó so pọ̀ láìsí àlàfo lẹ́tà láàárín. Ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Berlin ló fọwọ́ sí i ní 1906, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1908.

Semaphore

Àsíá kéékèèké méjì ni, onígun mẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 46. Pupa àti ìyeyè ni ti ojú omi, funfun àti búlúù ni ti orí ilẹ̀. Apá kọ̀ọ̀kan ní ipò mẹ́jọ tó lè dúró sí, dígírì 45 sì ni àlàfo ipò kan sí èkejì. Bí a bá ń mú ipò méjì méjì nínú mẹ́jọ, ọ̀nà 28 ló ń jáde. Lẹ́tà 26 gba tiwọn, ẹyọ kan ń sọ pé nọ́ḿbà ló ń bọ̀, ẹyọ kan sì ń fagi lé ohun tó ti lọ.

Kì í ṣe pé ẹ máa há gbogbo rẹ̀ sórí lọ́kọ̀ọ̀kan. A dé G jẹ́ apá kan ṣoṣo tó ń yí bí èkejì ṣe wà nílẹ̀ níwájú ara: A ń tọ́ka sísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, B nà gbọọrọ, C gòkè, D dúró ṣánṣán lókè orí, E, F àti G wá sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì. H dé N, tí J kò sí níbẹ̀, ń fi apá kan sí ipò A kí èkejì tó máa yí. Ẹni tó bá mọ àyíká kìíní ti mọ ọ̀pọ̀ nínú èyí tó kù. J ló sá kúrò ní ìlà, ó sì máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú.

Ohun tó ń bà á jẹ́ kò pọ̀, àmọ́ wọ́n wọ́pọ̀. Ìgbọ̀nwọ́ tó tẹ̀ ń sọ igun 45 di ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Ọ̀pá àsíá gbọ́dọ̀ bá apá lọ tààrà. Ẹni tó ń wò yín ń rí ọ̀tún yín ní òsì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó fi jígí kọ́ ọ ṣe máa ń ka B sí F àti C sí E. Bí lẹ́tà kan bá tẹ̀lé ara rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dá àsíá méjèèjì padà síwájú ara. Kí ẹ sì wo ẹ̀yìn yín kí ẹ tó dúró: àsíá pupa níwájú ewéko dára, níwájú ògiri pupa kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa rí. (Àmì àlàáfíà tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tí Gerald Holtom yà ní 1958, N àti D semaphore ló wà nínú rẹ̀.)

Bí a bá fi í wé Morse, kò nílò bátìrì, kì í pariwo, ìkọ́ rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ó parí, bí kùrukùrù bá sì bo ojú, ó parí. Fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ kóòdù pa pọ̀ ní pápá, mo máa mú un ṣíwájú Morse láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Àsíá ọkọ̀ ojú omi

Morse àti semaphore ń kọ lẹ́tà, àsíá ọkọ̀ ń sọ gbólóhùn. Ìyàtọ̀ yìí ló yẹ kó gbé yín lọ síbẹ̀ tàbí kó mú yín kúrò níbẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40: 26 fún lẹ́tà, 10 fún nọ́ḿbà, 3 tó ń ṣe arọ́pò, àti 1 tí a fi ń dáhùn. Ìwé ìtumọ̀ rẹ̀, tí ẹ̀dà rẹ̀ ti òde òní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969, wà ní èdè mẹ́sàn-án, tí Gíríìkì, Rọ́ṣíà àti Japan wà lára wọn. Ará Gíríìkì ta àsíá, ará Japan ṣí ìwé tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé wọn láìgbọ́ èdè ara wọn.

Díẹ̀ wà tí ẹnikẹ́ni tó bá ń bá omi ṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ láìṣí ìwé. A: òmùwẹ̀ wa wà nísàlẹ̀ omi, ẹ yà fún wa, ẹ sì rọra. O: èèyàn ti já sómi. U: ewu lẹ ń lọ bá. W: a nílò dókítà. N lórí C: a wà nínú ìpọ́njú. Òkè ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe ìsàlẹ̀.

Àwọn arọ́pò ló máa ń rú èèyàn lójú. Àsíá kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú ọkọ̀, báwo lẹ ṣe máa wá kọ 2233? Ẹ ta 2, arọ́pò kìíní tó ń tún àsíá kìíní sọ, ẹ ta 3, lẹ́yìn náà arọ́pò kẹta, torí 3 yẹn ló wà ní ipò kẹta. Arọ́pò kejì kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ta arọ́pò kejì sí ìparí ti sọ ọ́ di 2232.

Ọkọ̀ tó rí àmì yín yóò fa àsíá ìdáhùn rẹ̀ dé ìdajì; bó bá ti yé e, yóò fà á dókè pátá. Bó bá kù sí ìdajì, ẹ má sọ àsíá yín kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀: bí kò bá fẹ́, àsíá á rọ̀ mọ́ okùn, bó bá ń fẹ́ tààrà láti ọ̀dọ̀ yín sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò yín, etí àsíá nìkan ló máa rí. Kí ẹ sì ṣọ́ra níbi ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun. Níbẹ̀ P ń sọ pé kí àwọn olùdíje múra, ní èbúté ó ń sọ pé kí gbogbo èèyàn padà sínú ọkọ̀ torí a fẹ́ gbéra.

Alfa, Bravo, Charlie

Níbí, ọ̀rọ̀ kan ló ń dúró fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Alfa fún A, Bravo fún B, Charlie fún C. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo lẹ máa kọ́ nínú gbogbo èyí tó wà lókè, tí ẹ kì í ṣe awakọ̀ ojú omi tàbí ọ̀rẹ́ rédíò, èyí ni. Ẹ máa lò ó lọ́sẹ̀ tí ẹ bá kọ́ ọ. Lórí fóònù, B, D, P, T àti V máa ń dún bákan náà létí, M ń dà bíi N, F ń dà bíi S, torí ìlà fóònù ń gé apá kan ohùn dànù. Ọ̀rọ̀ 26 tí àjọ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé, ICAO, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 1956 ni wọ́n ti dán wò lẹ́nu àwọn tó ń sọ oríṣiríṣi èdè. Bí wọ́n ṣe kọ Alfa láìsí ph, tí wọ́n sì fi t méjì parí Juliett, kì í ṣe àṣìkọ. Nítorí ẹni tí èdè rẹ̀ kì í pe ph bíi f, tàbí tí kì í pe t tó wà ní ìparí ni.

Aṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn máa dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ní "K fún knife" ti fún ẹni kejì ní N. Ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹ sì ní kí ẹni kejì tún un kà fún yín. Lórí rédíò, lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ẹ ka ẹyọ kan sínú kí ẹ tó la ẹnu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yóò já sọnù. Ní ti ìpọ́njú lójú omi, ìkànnì 16 lórí VHF, rédíò tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń lò, ni: MAYDAY lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ibi tí ẹ wà, ohun tó ṣẹlẹ̀, ìrànlọ́wọ́ tí ẹ fẹ́, iye èèyàn tó wà nínú ọkọ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà kí ẹ tó ṣàlàyé ohunkóhun, torí bátìrì lè kú lẹ́nu àlàyé.

Kí ẹ má gbàgbé pé kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ètò onílẹ́tà yìí tó ní ẹ, ọ, ṣ tàbí àmì ohùn Yorùbá. OKO lè jẹ́ oko, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀. Gbólóhùn ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ tó yí i ká lè tú u.

Kíkan ògiri

Ìlù ìka lára ògiri kò ní gígùn, gbogbo rẹ̀ kúkúrú ni, nítorí náà Morse ò ṣeé fi kàn án. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun Amẹ́ríkà ní Vietnam to lẹ́tà sí ìlà márùn-ún, márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: A dé E, F dé J, L dé P, Q dé U, V dé Z. Ẹ kan nọ́ḿbà ìlà, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ wá kan ipò lẹ́tà nínú ìlà náà. O ni 3, lẹ́yìn náà 4. K kò sí níbẹ̀, C ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Èyí máa ń da elédè Gẹ̀ẹ́sì rú, àmọ́ Yorùbá ò lo C rárá, kò sí ohun tí yóò ṣì yín lọ́nà. Ó falẹ̀, ó sì wà fún ọ̀rọ̀ ṣókí.

Àmì ìpọ́njú fún ẹni tó sọnù

Èyí ni mo ní kò gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ yóò fọn tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní Àríwá Amẹ́ríkà, mẹ́ta ni ti ìpọ́njú fúnra rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì náà ń tẹ̀lé òfin kan náà. Ìṣẹ́jú ìdákẹ́ yẹn ni àwọn tí ẹ̀rù ń bà máa ń fò, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ èsì. Àṣìṣe kejì burú jù ú lọ: wọ́n á gbọ́ èsì, inú á dùn, wọ́n á gbé fèrè sílẹ̀. Ẹ máa fọn ún nìṣó títí ẹ ó fi rí wọn lójú, torí ìró yẹn ló ń fọ̀nà hàn wọ́n.

Jígí wà fún ìgbà tí oòrùn bá ń ràn. Ẹ gbé e sún mọ́ ojú, ẹ na ọwọ́ kejì síwájú, ẹ ya ìka méjì kí ọkọ̀ òfurufú náà wà láàárín wọn. Ẹ yí jígí títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi bọ́ sórí ìka méjèèjì, kí ẹ wá máa gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tó kàn ń fì í kiri lójú ọ̀run kì í bá ohunkóhun.

Fún ẹni tó wà lókè, ẹ to òkúta, aṣọ tàbí igi sílẹ̀: V, a nílò ìrànlọ́wọ́, X, a nílò ìtọ́jú ìṣègùn, Y, bẹ́ẹ̀ ni, N, rárá, ọfà, ibẹ̀ la gbà lọ. Gígùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí mítà 2.5, bí ẹ bá lè mú un tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣe é. Ohun tó yàtọ̀ sí àwọ̀ ilẹ̀ ni kí ẹ lò. Bí kò bá sí, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kí òjìji yà á sọ́tọ̀. Atukọ̀ tó bá ti rí i yóò mi apá ọkọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀sán, tàbí kó tan iná ìbalẹ̀ rẹ̀ kó sì pa á lẹ́ẹ̀mejì lóru.

Bí ọkọ̀ òfurufú bá sún mọ́ yín, apá méjèèjì ni kí ẹ gbé sókè kí ara yín di Y. Ẹni tó bá gbé apá kan sókè tó na èkejì sílẹ̀, bí ẹni tó ń kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, N ló ń kọ: ó ń sọ pé òun ò nílò ohunkóhun.